Bí Wọ́n Ṣe Fi Ayùn Pín Olórin àti Onílù ní Ìbarà

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í fi ayùn pín orin? Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Kò sí ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọkùnrin méjì ló fi ayùn pín orin lóòótọ́, ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, ojú wọn sì rí nǹkan.

Ọ̀kan ni Ṣówándé, aránṣọ. Ẹnìkejì ni Dàsáolú, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ògiri kan ṣoṣo ló la ṣọ́ọ̀bù wọn láàárín, láti ìgbà tí wọ́n sì ti jọ ń wẹ̀ lódò Ògùn ni wọ́n ti ń jẹun nínú abọ́ kan. Nígbà tí giramafóònù dé ìlú, wọ́n dáwó ra ọ̀kan, wọ́n sì ra àwo orin jáàsì kan lọ́wọ́ atukọ̀ kan tó ti Amẹ́ríkà dé. Ìwé àárín àwo náà ti ya, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan ń kọrin, ẹnì kan ń lùlù. Wọ́n sọ obìnrin náà ní Ìyá Olóhùn, wọ́n sọ onílù ní Ọwọ́-Ò-Sinmi.

Onílù ni ti Ṣówándé. Bí ìlù bá ti ń gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa bá a sáré lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ní mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Báyìí ló ṣe rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò akọ̀wé kóòtù pa. Akọ̀wé ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ìkejì kọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ta pọ́ún-pọ́ún láti ilé rẹ̀ wá fẹjọ́ sùn.

Obìnrin ni ti Dàsáolú. Bí Ìyá Olóhùn bá fa ohùn rẹ̀ gùn, Dàsáolú á dijú, á máa fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, kò ní dáwọ́ dúró títí obìnrin náà yóò fi mí. Obìnrin náà kì í tètè mí. Lọ́jọ́ kan, táyà ọlọ́pàá kan bẹ́ gbàmù. Dàsáolú yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tìbínú-tìbínú.

"Onílù rẹ tún ti já orin gbà mọ́ obìnrin mi lẹ́nu."

"Kí ló wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀?" ni Ṣówándé wí. "Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n gba ẹ̀bà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ó sàn ju ẹni tó ń lé eku nínú agolo lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣówándé dé egungun. Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin bá ti lanu, á da aṣọ kakí bo ẹnu giramafóònù. Bí ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀, Dàsáolú á máa tẹ gbogbo aago kẹ̀kẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn aládùúgbò tó ń wá gbọ́ orin nírọ̀lẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju aago lọ, wọ́n bá ṣíwọ́ wíwá. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣíwọ́ jíjẹun pọ̀. Ṣówándé jókòó ti iyán òun nìkan, kò mọ ìgbà tó pín in sí méjì tó ti apá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ lọ bá a," ni Ṣìjúadé ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kó kọ́kọ́ gbà pé onílù ló ni orin."

Dàsáolú ló mú ìmọ̀ràn wá, láti òdìkejì ògiri. "Jẹ́ ká pín àwo náà. Mú onílù rẹ, kí n mú ìyá mi."

Ṣówándé rò ó, kò rí ibi tó kù sí. Wọ́n gbé àwo náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Rálíà, káfíńtà àdúgbò, tí etí rẹ̀ ti ń wúwo. Bàbá gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Níbo ni obìnrin náà wà?"

"Ẹ̀bá ìta ni, bàbá," ni Dàsáolú wí. "Òun ló kọ́kọ́ ń dún. Onílù wà lápá inú."

"Ayùn mi kì í rìn róbótó, gbọọrọ ló ń lọ. Apá ọ̀tún ńkọ́? Ta ló wà níbẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. Ṣówándé mú apá ọ̀tún, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni ènìyàn fi ń lùlù. Bàbá Rálíà fa ìlà, ó sì ń rẹ́ ẹ. Dàsáolú tẹ́ áńkáṣíìfù sábẹ́ ayùn, ó ń gba ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀, ó ní ohùn lè wà nínú rẹ̀.

Ṣówándé ló kọ́kọ́ gbé ìlàjì tirẹ̀ sórí giramafóònù. Ìlù dún gbì-gbì, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan ké "ooo" ní ṣókí, abẹ́rẹ́ sì já bọ́. Ó lọ kan ògiri.

"Dàsá, o gbàgbé obìnrin rẹ sọ́dọ̀ mi."

Dàsáolú wá gbé giramafóònù náà lọ láti fi wádìí tirẹ̀. Kò pẹ́ tó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Onílù rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń lu obìnrin mi mọ́lẹ̀."

Wọ́n padà sọ́dọ̀ káfíńtà. Ó rẹ́ ìlàjì kọ̀ọ̀kan sí méjì. Olórin àti onílù ṣì jọ wà pọ̀. Ó tún un rẹ́. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, títí àwo náà fi dà bí àwẹ́ obì, tí Bàbá Rálíà sì ní bí wọ́n bá tún padà wá, ìka òun ló kù tí ayùn máa rẹ́. Kò sí olórin mọ́, kò sí onílù.

Ṣówándé jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn mọ́. Ó gbọ́ Dàsáolú lódìkejì ògiri, ó ń fẹ́ táyà láìdá orin kankan. Ìlú dákẹ́ jù. Ó di àwẹ́ tirẹ̀ sínú aṣọ kakí, ó sì tọ̀ ọ́ lọ.

"Dàsá, jẹ́ ká lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

Dàsáolú ki ọwọ́ bọ àpò. Ó kàn fa áńkáṣíìfù ìyẹ̀fun rẹ̀ yọ.

Bàbá Rálíà po àtè, ó to àwọn àwẹ́ náà bó ṣe rí i pé wọ́n bára mu. Kò gbọ́ orin náà rí, kò sì mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Àwọn kan kọjú sókè, àwọn kan dojú bolẹ̀. Nígbà tó gbẹ, àwọn aládùúgbò péjọ láti gbọ́ ọ.

Ó dún kó-kó-kó-kó, kò sinmi. Ṣówándé bọ́ sójú agbo, ó ń jó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kò lù ú báyìí rí," ló ń wí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan fà jáde, ó gùn, ó jìn, "hùùùn." Dàsáolú di àyà mú. "Ìyá mi ti padà dé."

Ṣìjúadé tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Bàbá Bíọ́dún," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "obìnrin yẹn lẹ ń jó sí. Ayùn ló gé ohùn rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọkọ mi, onílù lẹ ń pè ní ìyá yín. Àtè ló dì í lọ́wọ́ tó fi ń kérora."

 Wọ́n tún fi àwo náà sí i. Òótọ́ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ránṣẹ́ sí iyán, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ṣówándé ń rán ẹ̀wù.

"Dàsá," ló wí, "mo ti rò ó. Obìnrin yẹn ló ni orin."

"Irọ́ lo pa," ni Dàsáolú dáhùn láti òdìkejì ògiri. "Onílù ni."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, aago kẹ̀kẹ́ ti ń dún, aṣọ kakí ti wà lẹ́nu giramafóònù. Nígbà tí Bàbá Rálíà rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń bọ̀ lókèèrè pẹ̀lú àwo lábíyá, ó ju ayùn rẹ̀ sínú kànga, ó jókòó lé ìdérí rẹ̀, ó sì sọ fún wọn kí wọ́n tó kí i: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, a kì í fi ayùn pín orin."