Ọ̀gá Rélùwéè Orí Tábìlì

Bí ẹ bá pè é ní bàbá lásán, kò ní dá yín lóhùn. Ọ̀gá Rélùwéè ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó rẹ́rìn-ín, ẹ fi oríkì lé e: baba ẹ́ńjìnnì, ọkọ réèlì, a-fọn-fèrè-kọ́kọ̀-tó-gbéra.

Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, inú yàrá fáìlì ló sì ti lo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọ ọkọ̀ ojú irin láyé rẹ̀, ó sì sùn débi tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Rélùwéè tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, orí tábìlì ìjẹun ìyàwó rẹ̀ ló wà.

Bó ṣe débẹ̀ nìyí. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ti ń kó ọkọ̀ ojú irin ìṣeré jọ, àwọn onípáànù ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ yí bí aago, tí wọ́n á sì máa sáré yípo lórí réèlì tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà kú, opó rẹ̀ kó wọn sínú àpótí mẹ́ta, ó fi ránṣẹ́, ó ní ọkọ òun sọ pé kí àwọn àbúrò òun méjèèjì jọ pín in. Àwọn àbúrò náà ni Ọ̀gá Rélùwéè àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tóun náà ti fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ tó ṣí àpótí àkọ́kọ́, ká sọ òótọ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó rí wọn kẹ́yìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ti ọkọ̀ kan síwá sẹ́yìn, ó ń fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, kì bá tí sí ìtàn. Àmọ́ nígbà tó máa dìde, ojúkòkòrò bá a dìde.

Àbúrò rẹ̀ pè é lórí fóònù láti béèrè. Ọ̀gá ní gbogbo rẹ̀ ti dógùn-ún, kò sí ohun tí èèyàn lè pín níbẹ̀. Obìnrin náà ní ẹ́ńjìnnì pupa kan ṣoṣo ni òun fẹ́, kóun lè máa fi rántí ẹ̀gbọ́n àwọn. Ọ̀gá ní kò sí nínú ohun tí wọ́n kó wá. Ó wá fi ọkọ̀ ẹrù kan tí kò ní ẹsẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó ní kó fìyẹn tu ara rẹ̀ nínú.

Lákòókò yẹn, ẹ́ńjìnnì pupa náà wà lọ́dọ̀ bàbá tó ń tún aago ṣe ládùúgbò, ó ń gba sípíríìngì tuntun.

Nínú ilé, réèlì gba orí tábìlì, ó gba orí àga, ó gba inú ihò tí Ọ̀gá lu sára kọ́bọ́ọ̀dù kọjá. Oṣù mẹ́rin ni ìyàwó rẹ̀ fi gbé àwo lé itan jẹun. Bí ó bá fẹ́ gbé omi gbóná kọjá, àfi kó dúró títí Ọ̀gá yóò fi fọn fèrè. Obìnrin náà kò jà. Ó kàn ń wo tábìlì rẹ̀.

Ọ̀gá wá lọ bá obìnrin tó jẹ́ olórí ilé ìkàwé. Ó ní ogójì ọdún lòun fi wá àwọn ọkọ̀ náà jọ, ọwọ́ ara òun lòun sì fi tún wọn ṣe. Wọ́n gbà láti kó wọn sínú àpótí onígíláàsì, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a pín ìwé ìpè. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kún. Ọ̀gá dé fìlà òṣìṣẹ́ rélùwéè, ó gbé ẹ́ńjìnnì pupa sókè, ó ní láti kékeré, òun nìkan ni ẹ̀gbọ́n òun gbà láàyè láti fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó wo àwọn èèyàn ló rí àbúrò rẹ̀ ní ìlà kejì. Ó wúkọ́, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Olórí ilé ìkàwé rí ìkọ̀wé wínníwínní kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó béèrè ohun tó jẹ́, kóun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá kì í lo awò ojú níbi tí èèyàn bá wà. Ó ní orúkọ iléeṣẹ́ òkè òkun tó ṣe é ni, kí bàbá tó ń tún aago ṣe, tó jókòó níwájú, wá fi awò iṣẹ́ rẹ̀ kà á.

Bàbá náà ti rí i tẹ́lẹ̀ nígbà tó ń tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ó rọra béèrè pé, “Ṣé kí n kà á báyìí, sà?”

“Kà á sókè, kí gbogbo ilé gbọ́.”

Bàbá náà kà á. “Ti àbúrò mi obìnrin lẹ́ńjìnnì yìí. Kí bọ̀dá rẹ̀ má fọwọ́ kàn án mọ́. Òun ló já sípíríìngì rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n wọn ló ti fi ìṣó họ ọ́ síbẹ̀ nígbà èwe. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó rìn wá síwájú. Ọ̀gá ṣí fìlà lórí. Olórí ilé ìkàwé bi í pé orúkọ ta ni kí wọ́n wá kọ. Ó fọwọ́ tọ́ka sí àbúrò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì jáde wá. Ó gba ẹ́ńjìnnì, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù, ó fi kọ́kọ́rọ́ yí i, ó gbé e lé réèlì tí wọ́n tò síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà sáré yípo láìkọsẹ̀, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dúró, Ọ̀gá sún mọ́ àbúrò rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, ó ní ṣé òun lè yí i lẹ́ẹ̀kan.

Àbúrò rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

“Ìgbà mẹ́ta péré, bọ̀dá mi. Ẹ máa kà á sókè.”

Níwájú gbogbo gbọ̀ngàn, Ọ̀gá Rélùwéè kà á: “Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta.”

“Ó tó,” ni àbúrò rẹ̀ wí, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ padà.