Bí Bẹ́líìtì Àjíbádé Ṣe Dorí Kodò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀? Ẹ ó ní nítorí ọ̀wọ̀ ni. Ẹ gbàgbé ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni.

Àjíbádé, télọ̀ kan ní Ẹ̀jìgbò, ló ni mọ́tò ọ̀hún. Ó ti gbó débi pé ewúrẹ́ kì í yà fún un mọ́. Bẹ́líìtì inú rẹ̀, èyí tó so ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́ òkè kí wọ́n lè jọ máa yí, ti fẹ́ já. Ọjọ́ náà gan-an ni bàbá ìyàwó rẹ̀, tó wá kí wọn, fẹ́ padà sí Ìrágbìjí, nítorí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ yan alága, ipò náà sì ń wu Bàbá bí iyán ṣe ń wu ẹni tó gbààwẹ̀.

Àjíbádé ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹni tó ń rán agbádá, kí ló ń jẹ́ bẹ́líìtì?"

Bàbá kàn tún fìlà rẹ̀ dé.

Àjíbádé tú bẹ́líìtì àtijọ́ kúrò, ó wá ku bí yóò ṣe fi tuntun sí i. Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ pe Ọ̀jẹ̀níyì, ìbátan wọn tó jẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn, lórí fóònù. Ọ̀jẹ̀níyì ní àmì funfun kan wà lára wíìlì ẹ́ńjìnnì. Kí Àjíbádé tó lè rí i, àfi ìgbà tó gorí mọ́tò, tó ki orí bọ inú ẹ́ńjìnnì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Bàbá ló bá a di ẹsẹ̀ mú.

Àrìnpé jíṣẹ́ fún un: "Ó ní kí àmì náà kọjú sí apá orí."

Àjíbádé wo ibi tí orí òun wà. Ilẹ̀ ni orí rẹ̀ kọjú sí. Ó yí àmì náà síbẹ̀, ó fi bẹ́líìtì kọ́ ọ, ó fún un pinpin.

Àrìnpé bi í pé, "Ṣé ó wà lápá orí?"

"Orí gan-an ni."

Ó ń súfèé bó ṣe ń ṣíná mọ́tò. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sín, ó wá dún gbòlà. Èéfín dúdú gbé fìlà Bàbá lọ sórí òrùlé aládùúgbò. Adìẹ sá wọlé, ajá sá jáde. Nígbà tí ojú máa fi ríran padà, eyín Bàbá nìkan ló ṣì funfun. Mọ́tò ò mira mọ́.

Àjíbádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Orí tèmi ni mo fi wọn orí mọ́tò."

Bàbá ní, "Wọ́n ní orí, o gbé e lọ sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò sáyè àtiwẹjú. Àwọn méjèèjì gun ọ̀kadà kan dé Ìrágbìjí, gẹ́lẹ́ nígbà tí Bàbá Akínlàbí tí wọ́n jọ ń du ipò ń dìde láti dúpẹ́ pé wọ́n yan òun. Gbogbo ẹgbẹ́ kọjú sí ojú dúdú yẹn. Wọ́n ní kí Bàbá rojọ́. Ìgbà tó dé ibi tí ẹsẹ̀ Àjíbádé ti wà lókè, àgbà kan ti rẹ́rìn-ín ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Akínlàbí rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó padà, kò sì lè sọ gbólóhùn ìdúpẹ́ kan. Wọ́n ní ẹni tó lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín báyìí ni kó máa ṣe alága.

Àjíbádé ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí, ni alága tuntun bá na ìka sí i.

Ó ní, "Àna mi nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín: ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀."