Àtè Tí Oddvar Fi Pa Pátákó Ìyọ̀ Wa

"Steinar! Gbà mí! Fóònù ti lẹ̀ mọ́ Oddvar létí!"

Igbe tí Gunvor ké sí mi láti ojú fèrèsé nìyẹn, nígbà tó ku ọ̀la ká lọ sórí òkè fún Àjíǹde. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wọn àti tèmi ní Drammen, mo sì mọ Oddvar ọkọ rẹ̀ dáadáa. Kò sí ohun tí kò lè ṣe ọkùnrin yẹn. Mo sáré wọlé.

Yéè! Ẹ̀rín ń pa mí!

Oddvar jókòó sí àárín pálọ̀. Fóònù lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ gbàgì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ pátákó gígùn tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Nǹkan kan tó pupa bí epo, tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, ń kán tó, tó, tó láti irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ò sì tíì pa fóònù.

"Haló? Oddvar? Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí!" Oddvar lọgun. "Ibo ni mo fẹ́ gbà lọ?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àjíǹde pẹ́ dé lọ́dún yẹn. Ní Drammen, yìnyín ti yọ́ tán, àwọn èèyàn ti ń jókòó síta, wọ́n ń mu bíà nínú oòrùn. Gunvor ní ká jókòó jẹ́ẹ́ sílé. Màmá Borghild, ìyá rẹ̀, ló fárígá.

"Látìgbà tí mo ti mọ ẹsẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, mi ò ṣe Àjíǹde nílé rí. Tí kò bá sí yìnyín, màá yọ̀ lórí koríko!"

Oddvar wá ń pe Halstein, ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ òkè, láàárọ̀, lọ́sàn-án.

"Ṣé yìnyín wà?"

"Ó wà."

"Irú èwo?"

"Irú gbogbo ẹ̀. Láàárọ̀, ó le bí òkúta. Tó bá dọ̀sán, ó ti dà bí ògì. Lábẹ́ igi, ó ṣì dà bí ìyẹ̀fun. Lójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ ni."

Wàhálà dé! Torí irú yìnyín ló ń sọ irú nǹkan téèyàn máa fi pa ìdí pátákó, kó má baà yọ̀ padà sẹ́yìn tó bá ń gun òkè. Yìnyín tuntun tó dà bí ìyẹ̀fun, ìpara líle ni, wọ́n á kàn hà á síbẹ̀ bí ẹni ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé. Èyí tó ti yọ́ tó tún dì, àtè ni. Mo ní àtè! Bí irú èyí tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ. Inú túùbù bíi ti ọṣẹ ìfọyín ló wà, ẹni tó bá kàn lára, ó dọwọ́ Ọlọ́run.

Oddvar ò sì gbọ́dọ̀ ṣì í yàn. Ní Àjíǹde tó kọjá, ìpara tó fún ìyá ìyàwó rẹ̀ ò di nǹkan kan mú. Màmá Borghild ń gun òkè lọ síwájú, pátákó ń gbé e lọ sẹ́yìn. Wuuuuuu! Ó fẹ̀yìn wọ àárín ìjọ tó ń ṣe ìsìn nínú yìnyín, ó sì gbé pásítọ̀ dání lọ. Látọjọ́ yẹn ló ti ń pe ọkọ ọmọ rẹ̀ ní Ẹ̀yìn-Ni-Mò-Ń-Rè. Oddvar wá búra pé lọ́dún yìí, Màmá ò ní fi ìka ẹsẹ̀ kan yọ̀ sẹ́yìn.

Ló bá ra àtè. Àtè ọ̀hún le, kò jáde. Ló bá gbé túùbù lé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó ń bá Halstein sọ̀rọ̀ lọ. Ó gbàgbé. Nígbà tó rántí, ó mú un, ó fún un.

PÒÒÒ!

Bí fóònù ṣe rí etí rẹ̀ mú nìyẹn.

Bọ́tà la fi yọ ọ́. Èmi fà, Gunvor fà, fàààà! Fóònù jáde, irun etí bá a lọ. Màmá Borghild wọlé, kò tiẹ̀ wo etí ẹnì kankan. Ìdí pátákó rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé gbogbo àtè tó o fi sí i nìyí?"

"Màmá, ó ti tó."

"Fi kún un!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, tó bá pọ̀ jù…"

"Ṣé o tún fẹ́ kí n lọ gbé pásítọ̀ ni?"

Oddvar fi kún un. Ó nípọn bí bọ́tà lára búrẹ́dì alájẹkì. Ó fi sí tìyàwó rẹ̀, ó fi sí tara rẹ̀, ó sì fi sí tèmi náà, torí wọ́n ti ní kí n bá àwọn lọ.

A dé ilé ìsinmi wọn lórí òkè lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú, a jẹun, a sùn. Ilẹ̀ mọ́. Gunvor ṣí aṣọ fèrèsé.

"Ẹ wá wò ó!"

Yìnyín ti já bọ́ mọ́jú! Yìnyín tuntun, funfun báláú, gbígbẹ bí ìyẹ̀fun, ó kún dé orúnkún! Ohun tí gbogbo ayé ń wá látọjọ́ yìí! A dì mọ́ra wa. Oddvar ń sunkún ayọ̀. Màmá Borghild ti wọ bàtà kí kọfí tó hó.

Ẹnikẹ́ni ò rántí ohun tó wà nídìí pátákó.

A jáde. Mo gbé ẹsẹ̀ kan: gbì. Mo gbé ìkejì: gbì-gbì.

"Àtè yìí ń di yìnyín mú o!" Oddvar ń yangàn.

"Ó ń dì í mú," Gunvor dá a lóhùn, "àmọ́ kò fi í sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni! Ibi tá a bá tẹ̀, àtè á kó yìnyín ibẹ̀ mọ́ra. Bá a ṣe ń rìn la ń ga. Mo wolẹ̀, ilẹ̀ ti jìnnà. Orí Oddvar ti ń kan ẹ̀ka igi.

Tọkọtaya kan ń yọ̀ bọ̀ wìn-ìn-ìn, wọ́n dúró, wọ́n gbójú sókè wo Màmá Borghild.

"Màmá, ẹ kú Àjíǹde o. Báwo lòde òní ṣe rí?"

"Ó dáa gan-an," Màmá fèsì. "Nígbà tí mo jáde nílé láàárọ̀, èèyàn kúkúrú ni mí."

Oddvar yíjú kó lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Gbàlàgàdà! Ó wó bí igi ìrókò. Yìnyín orí igi tẹ̀ lé e, ó bò ó.

A tú pátákó kúrò lẹ́sẹ̀. Màmá Borghild jókòó lé òkìtì tó lẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó ń bó ọsàn.

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Oddvar, o ṣeun. Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣe pátákó tó ní àga fún mi."

Ìtìjú mú Oddvar. Nígbà tí Màmá jẹ ọsàn rẹ̀ tán, Oddvar gbọn yìnyín ìdí pátákó dànù, ó ní òun nìkan lòun máa ru pátákó gbogbo wa délé. Ó kó wọn lé èjìká. Oòrùn ti mú. Àtè ti rọ̀.

Ó fẹ́ wọlé: GBÀÀ! Pátákó dábùú ẹnu ọ̀nà.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" Gunvor ní.

"Kò sọ̀!"

"Bọ́ kóòtù ẹ!"

"Síìpù ti lẹ̀!"

Ó gba ibòmíì yọ: GBÀÀ! Ó fẹ̀yìn wọlé: GBÀÀ! Èmi ti wà nílẹ̀, mo di ikùn mú, omi ń dà lójú mi. Ojú fèrèsé ni ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu. Nígbà tó jẹun tán, àánú rẹ̀ ṣe Gunvor, ó mú kẹrosínì àti àkísà, ó fẹ́ jáde lọ nù ún.

Màmá Borghild gbé etí kúrò lára rédíò, ó pariwo:

"Gunvor! Má dán an wò! O ò gbọ́dọ̀ nu nǹkan kan kúrò lára ẹ̀!"

"Kí ló dé, Màmá?"

"Wọ́n ní òjò máa rọ̀ lálẹ́ òní, yìnyín á sì dì tó bá dàárọ̀. Àtè tó wà lára ẹ̀ yẹn gan-an la máa lò lọ́la."