Àmín Tó Ti Ìsọ̀ Ruqoyyah Pa

Lánàá, ẹjọ́ kan já wọ ààfin Alángùá Bẹ̀llò, olórí àdúgbò wa n'Ílọrin. Ẹ̀rọ ló ṣẹ̀, èèyàn ló wá rojọ́.

Ruqoyyah tó ń ta ìborùn ayẹyẹ wòlímọ̀ ló pẹjọ́. Ó pe Olúdáre, ọ̀gá ọ́fíìsì Pàtẹ ní àdúgbò Post Office, àwọn tó ni ọjà orí fóònù tí Ruqoyyah ti ń tajà. Ọ̀gbẹ́ni náà so táì mọ́rùn nínú ooru. Mo ti mọ̀ pé irọ́ ló ń bọ̀.

"Alángùá, kí Ọlọ́hun fún yín lẹ́mìí gígùn," ni Ruqoyyah wí. "Wọ́n ti ìsọ̀ mi pa, wọ́n kọ 'oníjìbìtì' síbẹ̀. Ọ̀la ni wòlímọ̀ oníbàárà mi, ìborùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Inú Pàtẹ ni àdírẹ́sì rẹ̀ wà, mi ò mọ̀nà ilé wọn."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Àdúà ni mo ṣe o! Mo kọ ọ́ sójú ìsọ̀ náà lọ́jọ́ Jímọ̀ pé ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Gbogbo oníbàárà mi sì dáhùn pé Àmín."

Alángùá yíjú sí Olúdáre. "Àdúà ti di jìbìtì lọ́dọ̀ yín?"

"Bàbá, ẹ̀rọ wa ló rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Ó ní wọn kì í ṣe èèyàn, ayédèrú ni wọ́n. Ó yẹ kí kálukú lo ọ̀rọ̀ tirẹ̀."

Ìjòyè kan bú sẹ́rìn-ín. "Wallahi, bí ẹ̀rọ yín bá kírun Jímọ̀ kan péré, á ti mọ́sálásí pa!"

"Ta ló lè ṣí i?" ni Alángùá bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó lè ṣí i, sà. Kó kọ ẹ̀bẹ̀ sí wa."

"Mo kọ ọ́!" ni Ruqoyyah ké. "Mi ò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí fóònù tí èsì fi dé, pé wọ́n ti fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò ní ṣí i."

Olúdáre pe ẹlẹ́rìí, Adéọlá akọ̀wé rẹ̀.

"Èèyàn gidi ló ń ka ẹ̀bẹ̀, sà," ni Adéọlá wí.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Kí ni Ruqoyyah kọ?"

Adéọlá wo àjà. "Ẹ̀rọ ló máa ń bá mi kà á."

Ojú tì mí fún un. Ojú ò ti òun.

Alángùá ní kí dògárì tó ń ṣọ́ ààfin ti ilẹ̀kùn. "Olúdáre, o ò ní lọ sílé. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, àga mi ni. Lọ bẹ àgbò tó wà lórí ìso lágbàlá nnì, òun ló ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ níbí. Ohun tó bá wí ni abẹ gé."

Ọ̀gá Pàtẹ dọ̀bálẹ̀ fún àgbò tòun ti táì. Àgbò ń jẹ èèpo iṣu tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìsọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè ṣí sì ṣí. Ruqoyyah rí àdírẹ́sì, ó gbé ìborùn, dògárì ṣílẹ̀kùn fún òun nìkan, ó sáré jáde.

"Mo ti ṣí i, Bàbá! Ẹ jẹ́ n máa lọ."

Alángùá ti ń ṣàlùwàlá. "Ọmọ mi, ọwọ́ mi ò tó o. Ọ̀dọ̀ àgbò ni ẹjọ́ rẹ wà."

Títí mo fi kúrò níbẹ̀, àgbò ò tíì fèsì.