Iná Tí Gbogbo Wọn Rí

Ìyá Iná ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Báwọn ọ̀gá wa bá wọlé, ẹ kàn máa ṣiṣẹ́ yín. Èmi ni màá sọ̀rọ̀."

"Ṣé mi ò ní kí wọn ni?"

"Ẹ kí wọn. Kẹ́ ẹ wá panu dé."

Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Ẹ gbé ilẹ̀kùn irin lọ fún un pé kó bá yín jó o, ẹ máa gbọ́ ìtàn gbogbo ilẹ̀kùn tó ti jó láyé ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba tiyín. Ìyá Iná ní tiẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe. Iná wẹ́dà yẹn, èyí tó máa ń kọ yẹ̀rì láàárín irin àti ẹlẹ́kitiródù, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wẹ́dà ń dì mú, òun ló fi ìṣirò yà sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Ẹ máa rí bí iná ṣe ń tẹ̀, ẹ máa rí bó ṣe ń jẹ ẹnu ẹlẹ́kitiródù, ẹ tún máa gbọ́ ariwo ẹ̀. Ohun tó ń wá ni bí iná náà ò ṣe ní máa jẹ ẹlẹ́kitiródù ní ìjẹkújẹ.

Ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Àgbà àti Akápò ń bọ̀ wá wò ó. Bí ohun tí kọ̀ǹpútà wí bá bá ti iná gidi mu, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Bí kò bá bá a mu, wọ́n á gba yàrá tó ti ń ṣèwádìí, wọ́n á sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àga sí. Àga mẹ́rin ti wà ní kọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Akápò ló kó wọn wá.

Wọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n kí wọn.

Ó panu dé.

Ìyá Iná pín ìbòjú wẹ́dà fún wọn, torí iná yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fojú lásán wò. Dígí ìbòjú ọ̀hún dúdú débi pé oòrùn ọ̀sán gan-an ò ríbi yọjú. Àfi tí iná wẹ́dà bá tàn, òkùnkùn biribiri lèèyàn máa rí.

"Ẹ fi bojú o! Bọ̀dá, ó yá!"

Ó tẹ kọ̀ǹpútà.

Ṣàààà! Ṣà-ṣà-ṣàààà!

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n mú iná lọ.

Ẹ̀rọ wẹ́dà dákẹ́ fin-ín. Kọ̀ǹpútà ní bátìrì, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe ẹnikẹ́ni. Ó ń pariwo lọ.

Ìyá Iná ò rí nǹkan kan. Ó ti na ọwọ́ sí ìbòjú rẹ̀ kó ṣí i, Ọ̀gá Àgbà bá sọ̀rọ̀.

"Hẹn-ẹ́n! Ẹ wo bó ṣe ń tàn!"

Ìyá Iná sọ ọwọ́ kalẹ̀. Àṣé ìbòjú tòun ni ò dáa.

"Ọwọ́ òsì ló ń tẹ̀ sí," ni Akápò wí. Akápò ò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ rí ohun tí òun ò rí.

"Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ gan-an nìyẹn, sà!" ni Ìyá Iná wí. "Ẹ máa wò ó, irin tó yọ́ máa kán sílẹ̀ báyìí."

"Ó ti kán!"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló kán, sà."

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ṣí ojú sílẹ̀, ó di ẹlẹ́kitiródù mú bí ẹni tó mú ṣíbí dání níbi tí wọn ò ti gbé oúnjẹ wá. Ó wúkọ́.

"Bọ̀dá, ẹ má sọ̀rọ̀!"

Ó tún panu dé.

Kọ̀ǹpútà ṣe é tán, wọ́n ṣí ojú. Akápò fi áńkáṣíìfù gba ẹlẹ́kitiródù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ó fi wé tuntun tó wà nínú páálí.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó! Kò jẹ ẹ́ rárá! Wọ́n dọ́gba!"

Ọ̀gá Àgbà rọra fi ìka kan àpá iṣẹ́ àná tó wà lára irin.

"Ó sì ti tutù," ló wí. "Mi ò tíì rí iná tí kì í ṣe wọ̀bìà báyìí rí. Ẹ máa báṣẹ́ lọ."

Inú Akápò dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló kó àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde.

Wọ́n lọ tán, Ìyá Iná dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ ṣeun! Ọgbọ́n wo lẹ dá tí ẹlẹ́kitiródù ò fi dín?"

"Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ sọ ọ́ o!"

"Wọ́n ti mú iná lọ kí n tó fi kan irin."

Ìyá Iná fẹ́ jókòó. Akápò ti kó àga lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà lọ láti lọ jẹ́wọ́. Ìtìjú wà níbẹ̀, àmọ́ irọ́ ò ṣe é kọ́lé lé. Ó bá Ọ̀gá Àgbà pẹ̀lú awò dúdú lójú, omi ojú ń dà wọ̀ọ̀ lábẹ́ ẹ̀. Akápò wà lórí àga kejì, ó fi aṣọ tútù bo ojú méjèèjì.

"Sà, ọ̀rọ̀ iná àná yẹn ni mo..."

"Má tiẹ̀ dá a sọ! Látàná ni ojú ti ń ta wá bí ẹni rọ ata sí i. Iná yẹn ti le jù. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, kó dín in kù nígbà mìíràn."

Ìyá Iná délé, ó jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an.

Ẹ̀gbọ́n bi í pé:

"Kí n dín in kù sí ibo?"