Ọba Mẹ́tàdínlógún Láìsí Ẹ̀sà

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ìbéèrè ló sì ṣíwájú olùpẹjọ́ wọlé.

"Ẹ̀yin àgbà, báwo ni ọba mẹ́tàdínlógún ṣe lè wà nínú yàrá kan, kí Ẹ̀sà má sí níbẹ̀?"

Ààfin tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti Ọlọ́fà o. Fàráńdà Baálẹ̀ àdúgbò wa ni. Àwa la ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé àga Baálẹ̀ ga ju tiwa lọ. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ni Láńrewájú, tíṣà ìṣirò. Ó gbé àpò gààrí kan lọ́wọ́, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀: àwọn ère rọ́bà kéékèèké, ọba lọ súà, tadé tadé.

Baálẹ̀ fò dìde. "Ọba mélòó lo dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé mi?"

"Mẹ́tàdínlógún, Baba."

"Ọba méjì kì í gbé ààfin kan, ìwọ kó mẹ́tàdínlógún sínú àpò gààrí! Gbé wọn sórí ẹní kíá!"

A bá a tò wọ́n sórí ẹní.

"Baba, ẹ mọ kàtúùnù ìjàkadì tí gbogbo èèyàn ń wò lórí fóònù. Àwọn tó ṣe é ló tún ṣe ère àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n: Ọba, Olorì, Ẹ̀ṣọ́, Afunfèrè, Ìyá Arúgbó, àti Ẹ̀sà, ìjòyè tó ń bá ọba jìjàkadì. Inú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n ń wà. Ẹ ò ní mọ ẹni tó wà níbẹ̀ àfi tí ẹ bá rà á, tí ẹ sì já a. Mo ti já mọ́kànlélógójì. Gbogbo wọn ni mo ní, àfi Ẹ̀sà."

Ìyá Àṣàbí, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ Baálẹ̀, yọ orín lẹ́nu. "Ṣé dandan ni Ẹ̀sà ni?"

"Hà, Màmá! Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà! Ṣebí ìṣojú gbogbo wa ni ọba àti Ẹ̀sà ti ń gbá ara wọn mú lọ́jọ́ ọdún ìjàkadì? Ọba tí kò ní Ẹ̀sà, ta ló fẹ́ bá jà? Olorì?"

"Ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀," ni Ìyá Àṣàbí wí.

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Èmi ni Àdùnní, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó búra fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá pé lòun ò ní rà mọ́. Mo ní ó dáa, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi. Oṣù kẹjọ rèé! Mi ò lè fẹ́ ọkùnrin tí owó oúnjẹ rẹ̀ ń wọ inú páálí."

"Ta lẹ wá pè lẹ́jọ́?" ni Baálẹ̀ bi wọ́n.

"Alhaja Bàrákàt, tó ń tà wọ́n."

Alhaja tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Baba, kí ni mo ṣe? Ẹ̀sà kò wọ́pọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ṣe é níyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún páálí, Ẹ̀sà kan. Jímọ̀ tó ń bá mi tajà lẹlẹ́rìí mi."

"Jímọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún, Ẹ̀sà mélòó?"

"Ẹyọ kan, Baba. Bí Alhaja ṣe ní kí n sọ nìyẹn."

"Ìwọ fúnra rẹ, mélòó lo fojú rí?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Jímọ̀!"

"Ẹ má bínú, Alhaja. Ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n máa béèrè èyí tí mo fojú rí."

"Báwo lo ṣe rí wọn nínú ohun tí wọ́n lẹ̀ pa?"

"Òṣùwọ̀n ni, Baba. Èyí tí Alhaja fi ń wọn wúrà nígbà tí wọ́n ń ta wúrà. Ẹ̀sà ló sanra jù nínú wọn. Páálí tó bá ti wúwo, inú fìrísà là ń kó o sí."

"Fìrísà?"

"Ó ti bàjẹ́, Baba. Kò sẹ́ni tó máa wò ó."

Mùíz tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì nítòsí Alhaja na ọwọ́ sókè. "Baba, ojú mi ló ṣe nígbà tí Alhaja ta Ẹ̀sà kan fún ọkùnrin kan tó ti Ìlémọ̀nà wá."

"Irọ́ ni!" Alhaja ti ké kó tó ronú. "Ojòkú ló ti wá!"

Alhaja fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló dé tó o fi ń tọ́jú wọn pa mọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún oyè, Baba. Ẹ̀sà ni, kì í ṣe ẹ̀pà. Ṣé ó yẹ kí irú ìjòyè bẹ́ẹ̀ máa yí kiri láàrin ọṣẹ àti ìpara?"

"Ọba tó ń yí kiri ńkọ́?"

"Ọba ni baba gbogbo wa. Ilé gbogbo ló yẹ kí wọ́n dé."

Ìyá Àṣàbí mi orí. "Kò burú gan-an, ọ̀rọ̀ yẹn."

"Irọ́ ńlá ni, Màmá!" ni Láńrewájú wí. "Tí mo bá ti rí Ẹ̀sà, mi ò ní rà mọ́. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn!"

"Àwọn tó wà nínú fìrísà dà?" ni Baálẹ̀ wí.

"Mo ti kó gbogbo wọn ránṣẹ́ sí Ìlọrin láàárọ̀ yìí," ni Alhaja wí.

Láńrewájú ká ọwọ́ lérí. Àdùnní gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ó dáa. Kí ọba mẹ́tàdínlógún máa se oúnjẹ fún ọ."

"Jókòó," ni Baálẹ̀ wí. "N kò tíì dájọ́. Alhaja, ìwọ tó o mọ ọ̀wọ̀ oyè, mú òṣùwọ̀n yẹn wá síbí lọ́la. Láti òní lọ, páálí tó o bá fẹ́ tà, kúnlẹ̀ kí i kó o tó gbé e fún oníbàárà. O ò mọ̀, Ẹ̀sà lè wà níbẹ̀."

"Baba, orúnkún mi!"

"Fún Ẹ̀sà ni, kì í ṣe fún mi. Láńrewájú, èèyàn kì í jí bá ọba nílé kó má kí i. Ní àràárọ̀, dọ̀bálẹ̀ fún ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan kó o tó lọ síléèwé. Olorì mélòó lo ní?"

"Mẹ́sàn-án."

"Kí àwọn náà. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Akọ̀wé na ọwọ́ sí tábìlì, ó gbé ohun tó wà lórí ìwé kúrò. Atẹ́gùn fáànù gbé ìwé fò káàkiri fàráńdà. Kò sẹ́ni tó lé e. Ohun tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ni gbogbo wa ń wò: ó sanra, kò wọ ẹ̀wù, ó la apá méjèèjì bí ẹni tó ń retí ẹni tí yóò gbá mú.

"Kí lẹ ń wò?" ni Baálẹ̀ wí. "Ohun tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ Alhaja ni mo ti rà á, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó kó wọn dé. Páálí kan ṣoṣo ni mo rà. Mo rò pé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn."

Àdùnní ló kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú ọ̀kan nínú àwọn ọba orí ẹní. Apá wọn wọnú ara wọn, ó ro kọ́.

"Ó pé," ló wí. Ó ti ń tẹ fóònù. "Daddy, ẹ káàsán sà. Ẹ mú ọjọ́."