Dúrọ́ọ̀ Mẹ́rin Tí Mo Fi Àbẹ́là Pa Lára

Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi fa ẹ̀rí ara mi yọ kúrò nínú ẹ̀rọ, tí mo sì fi àbẹ́là pa á lára, kò ní kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Káfíńtà ni mí ní Pápá Àjàó. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì lè búra pé mo ka ìkẹfà náà tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ pákó, ẹni tó mọ̀ mí yóò sọ fún yín pé n kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń là lọ́yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ onílẹ̀kùn mẹ́ta kan síwájú ṣọ́ọ̀bù kí fáníìṣì ara rẹ̀ lè gbẹ nínú oòrùn. Ìyá ìyàwó kan ló ní kí n kàn án fún ọmọ òun, ìgbéyàwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àgbò tí mo rà fún ọdún náà wà níbẹ̀. Mo so ó mọ́ ohun tó wúwo jù lọ níta, mo sì lọ sí ọjà Tejúoṣó láti ra aṣọ àga.

Nígbà tí mo dé, kọ́bọ́ọ̀dù ti dojú bolẹ̀. Dígí rẹ̀ ti fọ́, ilẹ̀kùn kan ti ya dànù. Okùn tó já ń wọ́ nílẹ̀ lọ́rùn àgbò mi, òun fúnra rẹ̀ sì wà ní òdì kejì títì, ó ń jẹ èèpo pákí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Típà oníyanrìn kan wà níbẹ̀ tó kọ ìdí sí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ràṣídì, awakọ̀ rẹ̀, ọmọ àdúgbò wa tí mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún jù lọ, dúró lábẹ́ ibòji, ó ń mu omi inú ọ̀rá.

Mo ní, "Ràṣídì, o ti fi mọ́tò wó kọ́bọ́ọ̀dù mi."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò mi ò kan nǹkan yín. Ẹ wo ìdí ẹ̀, ṣé ẹ rí fáníìṣì kankan níbẹ̀?"

"O ti nù ún kúrò."

"Ìgbà wo ni mo nù ún? Omi tí mo máa mu gan-an, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni mo rí i. Èmi gbọ́ gbìì ni, mo wá sọ̀ kalẹ̀ láti—"

"Pa ẹnu rẹ dé."

Ó pa á dé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Alága, ẹni tó jẹ́ olórí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wa. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo kà: kọ́bọ́ọ̀dù tó wó, okùn àgbò tí ìpayà mú kí ó já, àti àgbò náà fúnra rẹ̀, tí mo sọ pé kò gbádùn ara rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bàbá Alága wò mí títí. Ó ní, "Ṣé àgbò náà máa wá rojọ́ fúnra rẹ̀ ni?"

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo sọ fún wọn pé kámẹ́rà tó wà lókè ilẹ̀kùn Àǹtí Kẹ́mi, tí ń ta oògùn ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi, rí ohun gbogbo, àti pé ìdájọ́ òdodo nìkan ni mo ń fẹ́. Mo tún fi kún un pé ẹni tí àwòrán bá dá lẹ́bi láàárín àwa méjèèjì, kí ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kejì ní àárín títì. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè tó fa ìdáhùn yẹn. Bàbá Alága fi ìjókòó sí Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Àǹtí Kẹ́mi kò jiyàn. Ó ní àwòrán wà nínú ẹ̀rọ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, Túndé tí ń bá òun tọ́jú rẹ̀ yóò sì wá láti Yábàá ní ọjọ́ Ẹtì láti yọ ọ́ jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n wo ibi tí ẹ̀rí mi sùn sí. Àpótí dúdú kan ni, kò tóbi ju páálí búrẹ́dì lọ. Ó ní dúrọ́ọ̀ kékeré mẹ́rin níwájú, iná aláwọ̀ ewé kan sì ń ṣẹ́jú lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tó dà mí láàmú ni pẹpẹ tí wọ́n gbé e lé, tí àárín rẹ̀ ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Bí pẹpẹ yẹn bá já, ẹjọ́ mi já nìyẹn. Mo ní n óò pààrọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ẹ bá mi ṣe pẹpẹ o, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn. Gbogbo àkọsílẹ̀ oògùn mi ló wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ní Ọjọ́bọ̀, mo rí i pé n kò lè pààrọ̀ pẹpẹ láìgbé ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹnikẹ́ni kì í gbé àpótí tòun ti dúrọ́ọ̀ rẹ̀. A ó kọ́kọ́ fa dúrọ́ọ̀ yọ. Ọ̀gá mi na ẹgba mẹ́ta sí mi lẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, mo fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná ojú wọn ń kú bí mo ṣe ń fà wọ́n. Mo rò pé wọ́n ń sinmi ni. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ara wọn, mo tò wọ́n sílẹ̀, mo kan pẹpẹ tuntun tó tẹ́jú débi pé omi kò lè ṣàn lórí rẹ̀, mo sì gbé àpótí padà.

Nígbà tí mo fẹ́ ti dúrọ́ọ̀ wọlé, ọ̀kan nínú wọn le. Káfíńtà wo ni kò mọ̀ pé àbẹ́là ni oògùn dúrọ́ọ̀ tó bá le? Mo mú kùkùté àbẹ́là láti inú àpò irinṣẹ́ mi, mo fi pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo sì pa àwọn mẹ́ta yòókù pẹ̀lú, kí ó má baà di ojúsàájú. Gbogbo wọn yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Mo yin ẹni tó kan àpótí náà nínú ọkàn mi, nítorí pé dúrọ́ọ̀ tó bá bá ihò gbogbo mu, iṣẹ́ ọ̀gá ni.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Iná pupa tàn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé sí i. Igbe rẹ̀ lé sí i. Àǹtí Kẹ́mi sáré wọlé.

"Kí lẹ ṣe?"

"Pẹpẹ ni mo ṣe."

Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní yàrá méjì ni wọ́n pín inú ẹ̀rọ náà sí, ọ̀kan fún àkọsílẹ̀ oògùn, èkejì fún àwòrán kámẹ́rà. Kò sí èyí tó ṣí. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé òun kò lè débẹ̀ mọ́, ó sì béèrè ìbéèrè kan sí ìsàlẹ̀. Oníbàárà pè é níta, ó jáde pẹ̀lú fóònù létí. Ó kù èmi àti ìbéèrè náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé mi, ṣùgbọ́n èsì méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo sì mọ "bẹ́ẹ̀ ni" lédè Gẹ̀ẹ́sì láti ìwé kìn-ín-ní. Àwọn òbí mi sì kọ́ mi pé bí a bá fi ọ̀wọ̀ bi ènìyàn léèrè, kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Mo na ìka sí i.

Ohùn Túndé ló wọlé ṣáájú Àǹtí Kẹ́mi, láti inú fóònù rẹ̀: "Kí ẹnikẹ́ni má dáhùn ìbéèrè yẹn o. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti nu gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

Mo fi ìka náà họ orí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Túndé dé. Ó fa òórùn símú, ó ní, "Kí ló ń rùn bí àbẹ́là?" Ó pa ẹ̀rọ, ó fa dúrọ́ọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ, ó ń fi aṣọ nù wọ́n. Àǹtí Kẹ́mi gbé ọ̀kan sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Ta ló fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí mi lára nǹkan?"

Mo ní, "Ó lè jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni."

Túndé wá ṣàlàyé. Ó ní ohun tí mo ń pè ní dúrọ́ọ̀ ni iyè ẹ̀rọ náà, ibi tó ń tọ́jú ohun gbogbo sí, àti pé yàrá méjèèjì kò sí nínú ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ náà ń já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ó ń pín in sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá pààrọ̀ ipò wọn dà bí ẹni tó já ìwé tó tún un dì láìwo nọ́ńbà ojú ewé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe bá wọn?"

"Gbogbo wọn ló bára mu."

"Mo mọ̀ pé wọ́n bára mu. Èwo ló wà níbo?" Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀nà mẹ́rìnlélógún la lè gbà tò wọ́n, ẹ̀rọ àtijọ́ sì rèé. Mi ò fẹ́ máa dán an wò títí táá fi kọ̀ wá pátápátá."

Àǹtí Kẹ́mi jókòó lórí páálí oògùn, ó fi ọwọ́ lérán. Èyí ló burú jù. Mo yọ pẹ́ńsùlù tó wà lẹ́yìn etí mi.

Mo ní, "Èmi ni mo fa ìlà wọ̀nyẹn."

Ìṣe ọwọ́ mi ni. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, n kò fa dúrọ́ọ̀ yọ rí láìsàmì sí abẹ́ rẹ̀: ìlà kan fún ti àkọ́kọ́ lápá òsì, méjì fún èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé ìkẹrin. Ọwọ́ mi ti ṣe é kí n tó ronú. Ojú mi ni kò wò ó mọ́ nígbà tí mo ń dá wọn padà, nítorí pé mo ń yin ẹni tó kan àpótí. Ìkẹta ni mo fi ṣe àkọ́kọ́.

Túndé tò wọ́n bí ìlà ti wí, ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan díẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé padà, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Yàrá méjèèjì ṣí. Àǹtí Kẹ́mi dìde, ó kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ oògùn rẹ̀, ó sì nawọ́ sí ilẹ̀kùn fún mi. Mo jáde pẹ̀lú ayọ̀: ẹ̀rí mi wà láàyè.

Ní Sátidé, gbogbo wa há mọ́ra ní yàrá ẹ̀yìn. Mo gba ipò iwájú. Àwòrán náà mọ́ kedere. Kọ́bọ́ọ̀dù mi ń tàn nínú oòrùn. Àgbò mi dúró. Bàbá Alága ní kí wọ́n dá a dúró díẹ̀.

"Okùn yẹn, kí ni wọ́n so ó mọ́?"

"Ó dà bí ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù," ni Túndé wí.

"Ta ló so ó?"

Gbogbo wọn kàn yí ojú sí mi ni. Àwòrán tẹ̀ síwájú. Típà fi ẹ̀yìn rìn, ó sì dúró. Àlàfo tó wà láàárín òun àti kọ́bọ́ọ̀dù gba ènìyàn méjì. Obìnrin kan ru agbọ̀n èèpo pákí kọjá ní òdì kejì, díẹ̀ sì ń dà sílẹ̀. Àgbò mi gbé orí sókè, ó ta gìrì, ó sì gbéra. Kọ́bọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀ kan, bí àgbàlagbà tí ọmọ fà lọ́wọ́, ó sì dojú bolẹ̀. Okùn já. Àgbò kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni Ràṣídì bọ́ sílẹ̀ nínú típà, ó káwọ́ lérí, ó sì gbìyànjú láti gbé kọ́bọ́ọ̀dù mi dìde lẹ́ẹ̀mejì. Kò lè dá a gbé.

Bàbá Alága ní, "Ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àárín títì."

Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ràṣídì ní àárín títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ típà tó gbé wá. Ojú tì í láti dúró lórí àgbà, ni òun náà bá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." "Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dìde." Obìnrin kan tí ń kọjá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi wá bóyá nǹkan wa ló bọ́ sábẹ́ típà.

Ràṣídì ló bá mi gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà, tí mo ti fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, dìde, mo sì tún un ṣe kí ọjọ́ ìyàwó tó pé. Ní ọjọ́ Iléyá, mo gbé itan àgbò lọ fún un. Ó ṣí àwo, ó wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òun náà nìyí?"

"Òun ni."

"Ìdájọ́ ti dé, nígbà náà."

Mo ti wá mọ̀ pé kí ènìyàn tó gbé ìfẹ́ ìdájọ́ òdodo kiri, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ó so okùn tirẹ̀ mọ́; bí ó bá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí nǹkan, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Àwa méjèèjì jókòó jẹ ẹran náà. Ó rọ̀ dáadáa; èèpo pákí ti bá a lára mu. Ràṣídì rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rọra rẹ́rìn-ín tèmi, nítorí pé ilẹ̀kùn Àǹtí Kẹ́mi ni mo kọjú sí, kámẹ́rà sì ń wò wá.